Jimmy Winkfield: Jọ́kì Tó Mọ Ìgbà Tí Wọ́n Ń Tú Ìjánu

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, bí a bá dárúkọ rẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn, bóyá la fi máa rí ẹnì kan tó ti gbọ́ ọ rí. Jimmy Winkfield lorúkọ rẹ̀, ará Kentucky ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ jọ́kì ló ṣe, ìyẹn iṣẹ́ gígun ẹṣin nínú ìdíje, irú ìdíje tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ títẹ́jú ni ẹṣin ti ń sáré, tí kò sí igi tàbí odi kankan tó máa fò.

Ohun kan ṣoṣo ni àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á ní òun ni aláwọ̀ dúdú ìkẹyìn tó gba ipò kìíní nínú Kentucky Derby, ìdíje ẹṣin ńlá tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Kentucky. Òótọ́ ni. Ó gbà á ní 1901, ó tún gbà á ní 1902, láti ìgbà náà títí di òní, kò sí jọ́kì aláwọ̀ dúdú mìíràn tó gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, "ẹni ìkẹyìn," ti bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé 1902 ni ìtàn rẹ̀ parí. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà yẹn! Ó ṣì gun ẹṣin fún nǹkan bí ọdún 28 sí i, láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, ìdíje tó sì borí lé ní 2,500 kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìdí tí mo fi dìde sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí, nítorí oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ọ̀jáfáfá sì ni.

Ní 1882 ni wọ́n bí i ní Chilesburg, abúlé kan nítòsí Lexington. Àbíkẹ́yìn ni nínú ọmọ mẹ́tàdínlógún. Ilẹ̀ ẹṣin ni agbègbè yẹn, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì ń tọ́jú ẹṣin níbẹ̀ láti ayé ẹrú. Àwọn ló ń fún wọn lóúnjẹ, tí wọ́n ń fọ̀ wọ́n, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní eré sísá, àwọn náà ló sì ń gùn wọ́n. Nígbà tí wọ́n sá Kentucky Derby àkọ́kọ́ ní 1875, ẹṣin 15 ló jáde, 13 nínú àwọn jọ́kì wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Oliver Lewis, aláwọ̀ dúdú, ló gba ipò kìíní lórí ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Aristides. Ansel Williamson tó kọ́ ẹṣin náà, inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Nínú Derby 28 àkọ́kọ́, àwọn jọ́kì aláwọ̀ dúdú ló gba 15. Isaac Murphy nìkan gba mẹ́ta nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Jimmy kékeré ń wo àwọn jọ́kì tó ń kọjá, ohun tó ń rí kò ṣàjèjì sí i. Bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe ń rí ẹwìrì àti ọmọ owú láti kékeré ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹṣin ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, pé ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ kàn ń di ìrù mú ni. Ẹ wò ó. Jọ́kì kì í jókòó. Ó máa ń ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ irin tó so mọ́ gàárì, ó máa ká orúnkún, ó máa tẹ̀ ba mọ́ ọrùn ẹṣin, ìdí rẹ̀ kò ní kan gàárì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Winkfield kò ju nǹkan bíi kílò 48 lọ. Ẹṣin tó ń gùn lè tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí agbára tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi mú irú ẹran bẹ́ẹ̀. Awọ ìjánu méjì tó wà láàárín ìka rẹ̀ ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Kí ni wọ́n ń sọ? Ọ̀rọ̀ ìgbà ni. Kò sí ẹṣin tó lè fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Derby tí mo ń sọ yìí gùn tó kìlómítà méjì, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n fi ń sá a láyé ìgbà yẹn. Agbára ẹṣin dà bí owó tí kò pọ̀ nínú àpò. Bí jọ́kì bá ná an lójú ọ̀nà, kò ní rí nǹkan kan ná tó bá dọ́jà. Bó bá ṣẹ́ ẹ mọ́wọ́ jù, ọjà á tú mọ́ ọn lójú. Jọ́kì gidi máa ń fi ìka mọ iye tó kù. Ó máa ń gbọ́ èémí ẹṣin lábẹ́ rẹ̀, ó máa ń mọ̀ ọ́n lára bí èjìká ẹran náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ rántí èyí, a máa tó padà síbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára. Ní 1898, nínú ìdíje àkọ́kọ́ tó gun ẹṣin, ara ń ta á jù, ó sáré wọ àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹṣin mẹ́rin kọlura. Àwọn aláṣẹ ní kó lọ jókòó sílé fún ọdún kan. Ìjìyà yẹn kọ́ ọ. Nígbà tó padà, ó borí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1899. Ó ṣe ipò kẹta nínú Derby ti 1900 lórí Thrive. Nígbà tó di 1901, ó gba Derby náà lórí His Eminence, ìdíje tó sì borí lọ́dún yẹn nìkan jẹ́ 161.

Ti 1902 ni mo fẹ́ ká wò dáadáa, torí ibẹ̀ la ti rí ọgbọ́n rẹ̀ kedere. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Thomas Clay McDowell. Ó ní ẹṣin méjì tó fẹ́ kó lọ sí Derby, The Rival àti Alan-a-Dale. Halma ni bàbá Alan-a-Dale, Halma yìí ló sì gba Derby ní 1895, tó jẹ́ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Soup Perkins, ọmọ ọdún 15, ló gùn ún. Ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára ẹṣin náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. McDowell háyà Nash Turner, ògbóǹtarìgì jọ́kì aláwọ̀ funfun, láti wá gun ọ̀kan, ó sì fún un láyè kó mú èyí tó bá wù ú. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ti Winkfield. Winkfield yìí kan náà ni wọ́n ní kó máa gun ẹṣin méjèèjì láàárọ̀ kí wọ́n lè mọ èyí tó lè sáré jù.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Láràárọ̀ ni Winkfield ń gun Alan-a-Dale, ó sì ti mọ̀ pé òun ló le jù. Kí ló ṣe? Ó di ìjánu mú. Kò le koko débi tí ẹni tó ń wòran máa fi mọ̀, kò sì dẹ̀ débi tí ẹṣin máa fi tú gbogbo ohun tó ní. Bí wọ́n bá wo aago, Alan-a-Dale kò dà bí nǹkan bàbàrà. Nígbà tí Nash Turner dé, ó mú The Rival. Winkfield kò sọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀tàn ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹṣin tó mọ̀, tó ń gùn láràárọ̀, ni wọ́n fẹ́ gbé fún ẹlòmíràn nítorí pé òkìkí ẹni yẹn ju tirẹ̀ lọ. Nash Turner ní ojú, wọ́n sì fún un láyè kó mú èyí tó bá wù ú. Ọgbọ́n inú ìka ni ohun ìní kan ṣoṣo tí Winkfield ní, òun náà ló sì lò.

Ẹṣin mẹ́rin péré ló sá Derby lọ́dún náà. Alan-a-Dale bọ́ síwájú, ó sì já wọn sílẹ̀. Àfi bó ṣe ń sún mọ́ òpin tí ẹsẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ wà lórí ẹṣin tó ń tiro, àwọn mẹ́ta tí ara wọn le ń bọ̀ lẹ́yìn, òpin kò sì tíì dé. Winkfield mọ pápá náà bí ẹní mọ àgbàlá ilé rẹ̀. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti le, ó sì mọ ibi tí iyanrìn ti jìn tó lè gbé pátákò ẹṣin mì. Ó jẹ́ kí Alan-a-Dale dúró sórí ilẹ̀ líle, ó sì fi í dí ọ̀nà lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá ní láti gba inú iyanrìn. Inventor gba ibẹ̀, ó sì bá wọn dé ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí wọ́n kọjá ìlà, imú ẹṣin ni Alan-a-Dale fi ṣíwájú rẹ̀. The Rival tí Nash Turner mú ló ṣe ipò kẹta.

Ó kù díẹ̀ kó gba ẹ̀kẹta léraléra. Ní 1903, ẹṣin tí gbogbo ayé ń gbowó lé ni wọ́n fún un, Early lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ́ yípo gba òpin, Winkfield tú ìjánu. Early fò síwájú. Ó dà bí ẹni pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n kò tíì tó àsìkò. Agbára ẹṣin náà tán kí ilẹ̀ tó tán, Judge Himes sì bá a, ó kọjá, kò tó gígùn ẹṣin kan tó fi ṣíwájú rẹ̀. Èmi máa ń dúró síbi ìdíje yìí lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọkàn mi. Ẹni tó mọ ìgbà bí Winkfield ṣe mọ̀ ọ́n, nǹkan díẹ̀ ló fi ṣì í, ìyẹn díẹ̀ náà sì ni ọmọkùnrin náà ru títí ayé rẹ̀. Kò gun ẹṣin nínú Derby mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Kí ló dé? Ohun méjì ló pàdé. Èkíní ni pé ayé ti ń yí padà lórí pápá. Owó iṣẹ́ jọ́kì ti pọ̀, àwọn jọ́kì aláwọ̀ funfun sì ti pinnu pé àwọn kò ní jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ nínú rẹ̀ mọ́. Láti nǹkan bí 1900, wọ́n á jọ gbìmọ̀ pọ̀ nínú ìdíje, wọ́n á há jọ́kì dúdú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà, wọ́n á fi pàṣán tó yẹ kí wọ́n fi na ẹṣin na òun fúnra rẹ̀. Àwọn olówó ẹṣin kò sì fẹ́ kí ẹṣin tí wọ́n fi owó ńlá rà kán lẹ́sẹ̀ nítorí ìjà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún jọ́kì dúdú. Ikú Isaac Murphy ní 1896 ti mú àgbà kan kúrò. Láàárín ọdún díẹ̀, pápá tí wọ́n kún bámúbámú ní 1875 di èyí tí a fi ń wá wọn tì.

Èkejì jẹ́ ọwọ́ Winkfield fúnra rẹ̀, mi ò ní fi bò. Ní 1903 yẹn kan náà, ó ti bá John E. Madden, ọ̀kan lára àwọn alágbára inú iṣẹ́ náà, ṣàdéhùn pé òun máa gun ẹṣin rẹ̀ nínú ìdíje Futurity ní New York. Ẹlòmíràn wá fi 3,000 dọ́là lọ̀ ọ́ pé kó wá gun tòun. Ó gbà á. Kò sì gba ipò kìíní. Madden bínú, ó sì rí i dájú pé àwọn tó ní ẹṣin kò pè é mọ́. Winkfield kò ṣe dáadáa, àdéhùn ni àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ ká wọn ìyà náà láìwo àwọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́. Èmi gbà pé bó bá jẹ́ òyìnbó ló ṣe é, wọ́n á bá a wí, wọ́n á sì jẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó di ẹrù rẹ̀, ó forí lé Rọ́ṣíà ní 1904. Nígbà yẹn, ayé ọba Tsar, àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ fẹ́ràn eré ẹṣin, wọ́n sì ń wá jọ́kì láti ìlú òkèèrè. Wọn ò bi í léèrè àwọ̀. Ìka rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó gba Derby ilẹ̀ Rọ́ṣíà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó gba ti Warsaw náà, ó sì di aṣíwájú láàárín gbogbo jọ́kì ilẹ̀ náà. Ó kọ́ èdè wọn. Ọmọ àgbẹ̀ tó wá láti Chilesburg wá di ẹni tó ń gbé ní hótẹ́ẹ̀lì ńlá ní Moscow, tó sì ní ìránṣẹ́.

Ìyípadà ìjọba dé ní 1917. Ayé àwọn olówó ẹṣin dàrú, wọ́n sì kó àwọn ẹṣin tó ṣẹ́ kù lọ sí Odessa, létí Òkun Dúdú, níbi tí ogun kò tíì dé. Ogun bá wọn níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1919, bí ọmọ ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣe ń wọ Odessa bọ̀, Winkfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọlọ́lá ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì kan tó ṣáájú wọn, kó ẹṣin tó lé ní 200 jáde kúrò nílùú. Warsaw ní Pólàǹdì ni wọ́n ń lọ. Ó tó kìlómítà 1,700.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹṣin tí mo ń sọ. Kì í ṣe ẹṣin ẹrù, kì í ṣe ẹṣin ogun. Ẹṣin eré ìje ni, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí aṣọ àrán, tí jìnnìjìnnì máa ń bá bí ewé bá já lójijì, tó jẹ́ pé ọkà tí wọ́n yan fún un ló ń jẹ. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dà gba orí òkè Rùmáníà, nínú òtútù, láàárín ọmọ ogun tó ń wá ẹṣin gbà àti aráàlú tó ń wá ẹran jẹ. Ebi pa àwọn èèyàn náà. Wọ́n ní ó débi tí wọ́n fi jẹ nínú ẹṣin tó kú. Ẹni tó bá ti fọ ẹṣin rí, tó ti gbọ́ orúkọ tó ń dáhùn sí, á mọ bí ọbẹ̀ yẹn ṣe máa korò tó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà dé Warsaw láàyè. Èmi máa ń sọ pé bí Derby ti 1902 bá jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì, ìrìn Odessa jẹ́ iṣẹ́ kan náà tó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀: ìgbà wo la ó sáré, ìgbà wo la ó dúró, agbára mélòó ló kù nínú ẹran yìí.

Láti Pólàǹdì ó bọ́ sí Faransé, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Maisons-Laffitte, ìlú ẹlẹ́ṣin nítòsí Paris. Ó fẹ́ Lydie de Minkwitz, ọmọ ọlọ́lá ará Rọ́ṣíà tí ogun lé jáde bíi tirẹ̀. Ó gba Prix du Président de la République ní 1923, nígbà tó ti lé lógójì ọdún. Ó ṣíwọ́ gígun ẹṣin ní 1930, ó di ẹni tó ń kọ́ ẹṣin. Ogun Àgbáyé Kejì tún tú u ká: àwọn ará Jámánì gba ibùso ẹṣin rẹ̀, ó sì padà sí Amẹ́ríkà ní 1941. Iṣẹ́ títì ló kọ́kọ́ rí ṣe níbẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó ń fi ẹ̀rọ fọ́ ilẹ̀. Kó tó pẹ́, ó tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, ó ń tọ́jú wọn ní South Carolina. Ó padà sí Faransé ní 1953, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1974. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 2004, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹni àpọ́nlé nínú ilé ìrántí eré ẹṣin Amẹ́ríkà. Ti Isaac Murphy ti wà níbẹ̀ láti 1955.

Mo kọjá ọdún kan. Ní 1961, wọ́n pè é wá sí Louisville, ìlú tí wọ́n ti ń sá Derby, ó sì tó nǹkan bí ọdún 58 tó ti gun ẹṣin nínú Derby kẹ́yìn. Àwọn oníròyìn eré ẹṣin ń ṣe àsè ní hótẹ́ẹ̀lì Brown. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wọṣọ dáadáa, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà iwájú. Ẹni tó ń ṣọ́nà ní kí wọ́n má wọlé níbẹ̀. Bàbá náà dúró. Ó ṣàlàyé pé wọ́n pe òun ni. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọlé, nígbà tí wọ́n sì jókòó tán, àwọn èèyàn kò dá wọn lóhùn, àfi ẹnì kan, Roscoe Goose, jọ́kì àtijọ́ tó gba Derby ní 1913, aláwọ̀ funfun. Òun ló wá jókòó tì wọ́n. Ẹni tó gba Derby lẹ́ẹ̀kan ló mọ ẹni tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Winkfield wá lọ wo Derby ọdún náà ní Churchill Downs, pápá tí wọ́n ti ń sá a. Ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin tó jáde lọ́dún yẹn ni Carry Back, John Sellers ló sì wà lórí rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Carry Back wà lẹ́yìn gbọọrọ. Àwọn yòókù ń ná agbára wọn níwájú, Sellers ń di ìjánu mú. Wọ́n yípo ibi tí Winkfield ti tú ìjánu fún Early. Sellers ò tíì tú tirẹ̀. Nígbà tó wá tú u, ilẹ̀ tó kù kò pọ̀ mọ́. Carry Back ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá Crozier tó wà níwájú, ó sì fi ohun tí kò tó gígùn ẹṣin kan ṣíwájú rẹ̀ kọjá ìlà. Bàbá ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin náà wà nínú èrò, ó ń wo pápá.